Kí Ọwọ́ Kúrò Nínú Àwo Kí Ikùn Tó Kún: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Mímọ Ìwọ̀n Oúnjẹ

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ awo, nítorí kò sí ẹni tó wà níhìn-ín tí kò fi ọwọ́ kan ẹnu lánàá, tí kò sì ní in lọ́kàn láti tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ gan-an ni a kì í sábà dúró wò. Gbogbo wa la mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ìgbà tó yẹ kí á dá ọwọ́ dúró ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ikùn kún bámúbámú kí ó tó gbà pé òun ti yó, ó ti pẹ́ jù. Oúnjẹ máa ń tó kí ikùn tó kún. Àmì rẹ̀ wà lára olúkúlùkù, àwọn tó ṣíwájú wa kíyè sí i, wọ́n sì fi àṣà so ó rọ̀ kí ó má baà bọ́ sọnù, àwa ni a ń tú okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnìkan lè wí pé, ní àkókò tí owó gàrí bá gòkè, kí ló gbé ọ̀rọ̀ àyó wá sí àárín àwùjọ? Kò jayò pa. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn àgbà sì ti wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. N kò wá láti sọ fún ẹni tí kò rí jẹ pé kí ó dín oúnjẹ kù; oúnjẹ ni à ń fún ẹni tí ebi ń pa, a kì í fún un ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àárín ara wa láìfi bò: ẹni tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣọ́ owó ná ni yóò jẹ àjẹkì ní ọjọ́ ìnáwó, ilé tí ọ̀kan ti ń gba oògùn nítorí àjẹjù sì lè fi ògiri kan bá ilé tí ọmọ ti sùn láìjẹun pààlà. Ẹni tí kò mọ ìgbà tó tó fún òun kò lè mọ ohun tó yẹ kí ó ṣẹ́kù fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ní ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì yìn lu ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà kan tó ń bá àwọn oníṣòwò awọ ẹran ṣiṣẹ́, Alexis St. Martin ni orúkọ rẹ̀. Ọta gba ìhà òsì rẹ̀ wọlé, ó sì dá ihò sí àpò oúnjẹ tó wà ní inú rẹ̀. Dókítà ológun tí wọ́n ń pè ní William Beaumont ni ó tọ́jú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé yóò rí ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò bọ́, ihò náà nìkan ni kò dí, títí ọkùnrin náà fi darúgbó tí ó sì kú ní 1880. Ojú ihò yìí ni Beaumont sọ di fèrèsé ìmọ̀: a so ègé ẹran àti búrẹ́dì mọ́ okùn ṣẹ́dà, a sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ikùn St. Martin, a sì máa fà wọ́n jáde lẹ́yìn wákàtí kan, wákàtí méjì, láti wo bí wọ́n ti ń dà sí. Ní 1833 ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé. Nínú ohun tí ó rí, èyí tó kan ìjókòó wa ni ìdájọ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ikùn ń sọ fún ọpọlọ nígbà tí oúnjẹ bá ti tó, pé ikùn wíwú kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìgbà tí ìyẹn bá dé a ti rú òfin ara. Díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń jáde, ìrọ̀rùn ara àti ìfàyàbalẹ̀ ọkàn ni a sì fi ń dá a mọ̀.

Láti ìgbà ayé Beaumont, àwọn onímọ̀ ti tú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà. Bí òkèlè ti ń wọ àpò oúnjẹ ni awọ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, àwọn iṣan wínníwínní inú awọ náà sì ń mọ bí ó ti fẹ̀ tó. Iṣan gbọọrọ kan tó gba àyà àti ọrùn kọjá, tí àwọn dókítà ń pè ní vagus, ni ó ń gbé ìròyìn náà lọ sí ìdí ọpọlọ. Nígbà tí oúnjẹ bá kọjá sínú ìfun, ìfun náà a tú èròjà tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀: ní 1973 ni Gibbs, Young àti Smith ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fún eku ní ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní cholecystokinin, eku náà a tètè fi oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀rá tí ara ti kó pamọ́ pàápàá kò dákẹ́. Ní 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí leptin, ohun tí ọ̀rá ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ lè mọ bí ìpamọ́ ti pọ̀ tó. Nígbà tó sì di 1999, Kojima àti Kangawa ní Jàpáànù rí ghrelin, èyí tí àpò oúnjẹ fi ń kéde pé ebi dé.

Ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí kì í fò, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ìròyìn awọ ikùn a tètè dé. Ti ìfun àti ti ẹ̀jẹ̀ a máa falẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà fi ń sọ fún wa pé ó lè tó ìṣẹ́jú 20 kí ọpọlọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Ẹni tó bá ti gbé àmàlà mẹ́rin mì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìránṣẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tó ti ń pe olóúnjẹ pé kí ó fi méjì kún un; nígbà tí ìránṣẹ́ yóò fi wọ ààfin, ohun tó wá kìlọ̀ fún ti ṣẹlẹ̀ tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí onítọ̀hún fi máa ń fara ti àga ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ, tí yóò fi ọwọ́ pa ikùn, tí yóò ní, "Háà, mo mà ti ṣe àṣejù o." Kò purọ́, kò kàn tètè gbọ́ ni.

Ikùn nìkan kọ́ ni ó sì ń jẹ́rìí. Ní 1998, Paul Rozin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn méjì tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ débi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn kì í dúró sí wọn nínú. Wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú 10 sí 30 lọ tí wọ́n tún gbé òmíràn dé, wọ́n tún jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀, wọ́n sì tún nawọ́ sí ẹ̀kẹta. Ikùn wọn kò ṣófo, ìrántí wọn ni ó ṣófo. Èyí fi yé wa pé iyè inú wà lára ohun tí à ń fi mọ àyó. Àwa tí ọpọlọ wa pé sì ń fi ọwọ́ ara wa fa irú àìsàn yìí sórí: a gbé àwo lé itan, ojú wa wà lára tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, àfi ìgbà tí èékánná bá ha ìsàlẹ̀ àwo ni a tó mọ̀ pé oúnjẹ ti tán, tí a ó sì máa wá ẹni tó bá wa jẹ ẹ́.

Ẹnu pẹ̀lú ní ọgbọ́n àrékérekè tirẹ̀. Ní 1981, Barbara Rolls àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Oxford fún àwọn ènìyàn ní búrẹ́dì tí wọ́n fi nǹkan sí láàárín. Nígbà tí ohun àárín rẹ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́rin, wọ́n jẹ ju ti ìgbà tó jẹ́ oríṣi kan lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí á gbé èyí lọ sí òde ìnáwó wa. Ìrẹsì ni ó kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín àti itan adìẹ. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́, ó nu ẹnu, ó dẹ okùn ṣòkòtò, ó ní òun ti yó. Kò pẹ́ ni iyán dé pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tí panla àti pọ̀nmọ́ ń yọjú nínú rẹ̀. Ó ká apá agbádá sí èjìká, ó ṣan ọwọ́. Iyán kò tíì fìdí kalẹ̀ tí ọmọbìnrin kan fi gbé àsun kọjá, ó sì ké sí i, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé a ò sí níbí ni?" Ẹni tó ti yó ìrẹsì kò tíì yó iyán, ẹni tó yó iyán kò tíì yó àsun, bí adùn tuntun ti ń dé ni ebi tuntun ń jí, ikùn tó ti ké gbàjarè láti ìgbà ìrẹsì kò rí ẹni dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn baba wa kò gbọ́ orúkọ vagus rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ṣètò ìdí oúnjẹ fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé àyó a máa pẹ́ kí ó tó dé. Iyán a wà nínú àwo kan, ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan, àwọn ọkùnrin ilé a sì jókòó yí i ká láti orí àgbà dé orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ òkèlè bù. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ ṣan ọwọ́, òun náà ni yóò kọ́kọ́ bù ú. Iyán gbóná, a kò sì lè sáré jẹ ohun tó gbóná, nítorí ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni à ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. A ó bu díẹ̀, a ó fi ìka rọ́ ọ, a ó tọ ọ́ bọ ọbẹ̀, a ó gbé e mì, a ó sì dúró kí ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kí tiwa tó tún wọlé. Ọmọ tó bá bu òkèlè tó ju ẹnu rẹ̀ lọ, ojú lásán ni wọn yóò fi bá a wí. Ẹran kì í kúrò nínú ọbẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí àgbà yóò wá pín in. Ìrètí ẹran yìí ni ó ń mú kí ọmọdé fi sùúrù jẹun. Nígbà tí oúnjẹ ṣì kù nínú àwo ni àgbà yóò ti fà sẹ́yìn, yóò ní ó tó, yóò ṣan ọwọ́, ìyókù sì di ti àwọn ọmọ. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lónìí a ń fi òwe yìí bá olóṣèlú wí, ó sì tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n ìdí àwo gidi ni ó ti ṣẹ̀ wá: ọmọ tó ń wo àgbà lójú ni ó ń dá ọwọ́ àgbà dúró kí ikùn rẹ̀ tó kún, àánú ọmọ náà a sì di ìlera fún baba.

Bákan náà ni ti ìpè. Ẹni tó bá ń jẹun yóò ké sí ẹni tó ń kọjá pé kí ó wá jẹun, onítọ̀hún yóò sì dáhùn pé ó gba ibi ire, yóò máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn ọbẹ̀ náà kò kọjá lára rẹ̀ lásán. Èyí ni wọ́n fi ń kọ́ni pé oúnjẹ tí ojú rí kò di dandan fún ẹnu. Wọ́n tún wí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Wọ́n ti ya ohun tí à ń jẹ nítorí ebi sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí à ń jẹ kí ẹnu má dilẹ̀. Ta ni kò sì mọ ìtàn Ìjàpá ọkọ Yánníbo, tó jẹun tán nílé àna tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà, tó sì dé e lé orí láti sá lọ? Orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ sì já. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Síbẹ̀, n kò ní yin àṣà wa kí n má sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ rántí bí a ti ń rọ ọmọ: ìyá jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹ̀bá ẹnu rẹ̀, ó da ẹ̀kọ tútù sí i; ọmọ ń ké, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, kò sì rí ọ̀nà àbáyọ àfi kí ó gbé e mì. Ìfẹ́ ni ìyá fi ń ṣe é, kí ọmọ lè sanra kí àwọn aládùúgbò má baà sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé ẹ̀kọ náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ọmọ tó ń yí orí ń sọ ọ̀rọ̀ kan: ó ní ó tó. Bí ìkókó bá ti mu ọyàn yó, a tu ọmú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìkúùkù rẹ̀ a dẹ̀, ojú rẹ̀ a yí kúrò. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, Elédùmarè ni ó fi rán an wá sáyé. Bí a bá borí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ fún ọdún púpọ̀, lónìí pẹ̀lú ẹ̀kọ, lọ́la pẹ̀lú pàṣán pé dandan ni kí àwo mọ́, ẹ má jẹ́ kí ó yà wá lẹ́nu pé nígbà tí ó dàgbà kò gbọ́ ohùn náà mọ́.

Àwọn kan sì wà tí ohùn náà ti dákẹ́ lára wọn láìjẹ́ ẹ̀bi wọn. Láàárín 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota, àwọn ọkùnrin 36 tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sógun yọ̀ǹda ara wọn fún Ancel Keys, kí ó lè fi wọ́n wo ohun tí ìyàn ń ṣe fún ènìyàn. Fún ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi ń jẹ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ wọn, wọ́n sì rù hangogo. Nígbà tí wọ́n wá padà sídìí oúnjẹ, àwọn mìíràn jẹ títí ikùn kò gbà mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń wí pé ebi ń pa àwọn. Ní 1956 pẹ̀lú, àwọn dókítà Prader, Labhart àti Willi ní Siwitsalándì ṣàpèjúwe àìsàn àbímọ́ni kan tí kì í jẹ́ kí ọmọ mọ àyó rárá, tí àwọn òbí fi ní láti máa ti ilé ìdáná ní kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, kí á ṣọ́ ẹnu wa kí á tó pe ẹnìkan ní wọ̀bìà. A kò mọ irú ebi tó ti kọjá lára rẹ̀ ní kékeré, a kò sì mọ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí á mú un lọ, kí á yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oúnjẹ ayé òde òní náà dá kún ìṣòro yìí. Ní 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gba àwọn ènìyàn 20 sí ibì kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n jẹ oúnjẹ alágbélẹ̀rọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn wọ́n jẹ oúnjẹ tí a sè láti inú ohun oko, a sì ní kí wọ́n jẹ ìwọ̀n tó bá wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n fi nǹkan bí kálórì 500 kọjá ti ìgbà kejì lójúmọ́, wọ́n sì ń yára jẹ ẹ́. Ohun tó rọ̀, tí kò ní fọ́nrán, tí eyín kò bá jà, a ti wọlé tán kí ìránṣẹ́ tó gbéra. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí à ń fi sin oúnjẹ lọ́nà ọ̀fun sì burú jù, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń fi ọwọ́ ayé sí nídìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ọwọ́ tiwa gbé wá sẹ́nu.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn ẹ̀sìn wa àti àwọn ará ọ̀nà jíjìn fi ohùn kan dáhùn. Ànábì Muhammad kọ́ àwọn Mùsùlùmí pé bí ènìyàn yóò bá jẹ ju òkèlè díẹ̀ lọ, kí ó pín ikùn sí mẹ́ta, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún èémí. Ìwé Òwe inú Bíbélì kìlọ̀ fún ẹni tó rí oyin pé kí ó jẹ ìwọ̀n tó tó o, kí ó má baà bì í. Àwọn àgbà Okinawa ní Jàpáànù sì ń kọ́ ọmọ wọn pé bí ikùn bá ti kún dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kí wọ́n fi ọwọ́ sílẹ̀. Kò sí èyí nínú wọn tó ní kí á jẹ títí a kò fi ní lè mí.

Ẹ fi àmì wọ̀nyí sọ́kàn. Òkèlè àkọ́kọ́ ni ó máa ń dùn jù. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ọbẹ̀ kan náà kò dùn tó bí ó ti dùn níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ìyàwó yín ṣì í sè. Nígbà tí ọwọ́ bá ń falẹ̀, tí ẹ mí kanlẹ̀ láìmọ̀, tí ọkàn ti kúrò lórí ebi tó ń ro ohun mìíràn, oúnjẹ ti tó nìyẹn. Ẹ ṣan ọwọ́, ẹ mu omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20. Bí ebi bá ṣì ń pa yín lóòótọ́, oúnjẹ kò sá lọ. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá yí orí, ẹ bo àwo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó, bí àlejò bá ní òun ti yó, ẹ má wí pé kò fẹ́ràn yín. Ẹ̀yin baba, ẹ padà sídìí oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kí wọ́n rí bí àgbà ti ń dá ọwọ́ dúró. Ẹni tó bá dìde nígbà tí ó ṣì lè jẹ òkèlè méjì sí i, òun ni ó jẹun yó. Ẹni tí wọ́n ní láti gbé dìde, oúnjẹ ni ó jẹ ẹ́.